Ta Ni Wọ́n Kọ Sínú Fọ́ọ̀mù Tìmílẹ́hìn?

Bàtà búráùn tí Tìmílẹ́hìn máa ń wọ̀ lọ sí kíláàsì kì í ṣe tiẹ̀. Ti Olúfẹ́mi ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ni. Olúfẹ́mi ti kú láti ọdún mẹ́fà sẹ́yìn. Íntáfíù báǹkì ló ń lọ ṣe n'Íbàdàn, bọ́ọ̀sì tó wọ̀ ní Ẹdúnàbọ̀n ìlú wọn bá lọ forí sọ tírélà. Bàtà dúdú ló wọ̀ lọ lọ́jọ́ yẹn, ìdí nìyẹn tí ti búráùn fi ṣẹ́kù. Ó tóbi ju ẹsẹ̀ Tìmí lọ, ló bá ń ki ìwé ìròyìn sí i níwájú. Tó bá ń rìn lórí sìmẹ́ńtì, ìró ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n ẹ̀ gan-an ló ń gbọ́: kò, kò, kò. Nígbà míì á tiẹ̀ bojú wẹ̀yìn. Lọ́sàn-án gangan o!

Ẹnikẹ́ni ò fi ìbọn tì í pé kó lọ kọ́ ìmọ̀ òwò ní yunifásítì Ifẹ̀. Ohun tí Olúfẹ́mi kọ́ lòun náà lọ kọ́. Ó ti wọ ọdún kẹta báyìí, tó bá sì di Jímọ̀, kálukú wọn gbọ́dọ̀ mú iṣẹ́ kan ṣoṣo tó máa lọ fi oṣù mẹ́fà kọ́. Ìyá ẹ̀ ti bá ará ṣọ́ọ̀ṣì kan sọ̀rọ̀: báǹkì, n'Íbàdàn.

Àmọ́ ẹ wá wo Tìmí nígbà tí wọ́n bá fẹ́ ti sùkúù! Ẹnu géètì họ́sítẹ̀lì lẹ máa bá a, báírò létí, ohùn ti há. Òun ló ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wá mọ́tò tó máa kó ẹrù wọn relé. Ó mọ bọ́ọ̀sì tí bíréèkì ẹ̀ ò dáa, ó mọ dẹ́rẹ́bà tó máa ń sá eré àsápajúdé, kò sì ní jẹ́ kẹ́nì kan wọ̀ ọ́. Bọ́ọ̀sì méje láàárọ̀ ọjọ́ kan, àpótí kan ò ṣìnà. Irú ọjọ́ yẹn nìkan ló máa ń gbàgbé pé ebi ń pa òun. Kò jẹ́ sọ ọ́ nílé. Ta ló máa dárúkọ mọ́tò létí ìyá tí ọ̀nà gbọmọ lọ́wọ́ ẹ̀?

Dókítà Ọ̀ṣúndáre, lẹ́kítọ̀ wọn, ló kó fọ́ọ̀mù dé.

"Ẹ má kàn máa tẹ̀lé ara yín bí àgùntàn ọjà Sábó," obìnrin náà wí. "Ẹ yẹ ara yín wò ná, kẹ́ ẹ tó mú iṣẹ́."

Ìbéèrè ogún ni, ẹ̀dà méjì. Ìwọ á kọ ọ̀kan nípa ara ẹ. Ẹni tó mọ̀ ọ́ láti kékeré á kọ ìkejì, á lẹ̀ ẹ́ pa sínú ẹnfílọ́ọ̀pù, o ò gbọdọ̀ yọjú wò ó. Tìmí fi ti ìkejì ránṣẹ́ sí ìyá ẹ̀.

Ìgbà tó jókòó ti tiẹ̀, ńṣe lọwọ́ ẹ̀ kàn ń dá kọ ọ́ lọ. Kí lo fẹ́ràn jù ní kékeré? Kíka ìwé ìròyìn sókè. Irú ibo lo ti lè ṣiṣẹ́? Ibi tó dákẹ́. Kì í ṣe pé ó fẹ́ purọ́. Ó ti pẹ́ tó jẹ́ pé wọ́n á bi Tìmí, Olúfẹ́mi ló máa dáhùn. Ìbéèrè tó kẹ́yìn nìkan ló fi sílẹ̀ lófo: Iṣẹ́ wo ni o ò gbọdọ̀ ṣe?

Ní Tọ́sìdeè, Dókítà já ẹnfílọ́ọ̀pù. Ó wo ìwé méjèèjì, ó tún wò ó.

"Mọ́kàndínlógún nínú ogún bára mu! Mi ò rírú ẹ̀ rí. O mọ ara ẹ, ìyá ẹ náà sì mọ̀ ọ́."

"Ẹ ṣé, mà," Tìmí wí, ó gba ìwé méjèèjì.

Níta, Khàdíjàh tí wọ́n jọ ń jókòó já ìwé náà gbà. "'Kì í fẹ́ ariwo.' Ta ni? Ìwọ? Ìwọ tí wọ́n ń gbóhùn ẹ láti géètì dé Sábó! 'Ó máa ń lọ aṣọ ẹ̀ kó tó sùn.' Háà!" Ó rẹ́rìn-ín, ó wá tún un kà. "Tìmí, ta lẹ kọ síbí?"

Tìmí gba ìwé náà padà lọ́wọ́ ẹ̀. Òun ní họ́sítẹ̀lì, ìyá ẹ̀ ní Ẹdúnàbọ̀n, wọn ò rí ara wọn, wọn ò sọ ọ́ lórí fóònù. Àwọn méjèèjì sì kọ òkú kan náà.

Ó wá wo ìbéèrè ogún. Ìyá ẹ̀ kọ ọ́ gàdàgbà: IṢẸ́ MỌ́TÒ.

Ló bá gba fọ́ọ̀mù tuntun kan, ó di Ẹdúnàbọ̀n.

Búrẹ́dì ni ìyá ẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Màámi Comfort, ń tà létí títì. Láti ọdún mẹ́fà yẹn, ẹ̀yìn ló máa ń kọ sí títì. Oníbàárà gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀ wá pè é.

"Màámi, ẹ kú ọjà o."

"Tìmí! O ti jẹun?"

Ó tẹ́ ìwé náà sórí búrẹ́dì. "Màámi, ta lẹ kọ síbí?"

"Ìwọ ni."

"Èmi tẹ́ ẹ̀ ń pè ní ẹlẹ́nu bí aago, èmi lẹ ní kì í fẹ́ ariwo?"

Tírélà kan kọjá, ọ̀rá orí búrẹ́dì ń dún pátapàta. Ìyá ẹ̀ dúró kó lọ tán.

"Wọ́n rí ẹ ní géètì yín," ó wí. "Wọ́n ní ò ń pe mọ́tò bí ọmọ gáréèjì. Ìwé yín wá ní kí n kọ irú ọmọ tí mo bí. Mo kọ èyí tí ọ̀nà ti mú. Kò lè mú un lẹ́ẹ̀kejì."

Tìmí tún ọ̀rá orí búrẹ́dì náà tẹ́.

"Èmi náà kọ ọ́, Màámi," ó wí. "Tó bá jẹ́ Bọ̀dá Fẹ́mi ló ń lọ sí báǹkì, èmi wá dà?"

Ìyá ẹ̀ wo bàtà ẹsẹ̀ ẹ̀, ó pẹ́ níbẹ̀. Ó ní, "Mú báírò wá."

Ó ń kọ, ó ń dá sọ ọ́. "Ní kékeré, ibí yìí lo máa ń jókòó sí. O máa ń ka ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn mọ́tò. O mọ orúkọ gbogbo dẹ́rẹ́bà." Nígbà tó dé ìbéèrè ogún, báírò dúró lórí ìwé títí. Kò kọ nǹkan kan. Ó ká a, ó fún un.

"Bọ́ bàtà yẹn sílẹ̀," ó wí. "Ó ti jẹ ẹ́ lẹ́sẹ̀ tó."

Sílípáàsì ìyá ẹ̀ ló wọ̀ padà sí Ifẹ̀. Ní Jímọ̀, ó wọ kàńfáàsì ara ẹ̀ lọ fi ìwé sílẹ̀: iṣẹ́ ìkẹ́rù, ní ilé iṣẹ́ tó ń kó ọjà káàkiri.

Kàńfáàsì kì í dún. Àmọ́ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọ́fíìsì, lọ́sàn-án, láìsí ẹnì kankan níbẹ̀, ó gbọ́ ọ lẹ́yìn ẹ̀: kò, kò, kò. Kò bojú wẹ̀yìn. Ó rọra yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó fàyè sílẹ̀ kí ẹ̀gbọ́n ẹ̀ kọjá.