Ìbòjú Tí Kò Ní Ìwo

Bí ẹ bá fẹ́ rí ìjà aránṣọ yìí, ẹ rán ìránkúrán níwájú rẹ̀. Obìnrin náà lè tú odindi aṣọ ìyàwó palẹ̀ nítorí òwú kan ṣoṣo tó ṣìnà. Ẹ wá wo bí inú ṣe bí i lọ́jọ́ tí olùdarí ẹgbẹ́ òṣèré wá sọ ìtàn eré tuntun fún un ní ṣọ́ọ̀bù. Nínú eré náà, ọ̀mọ̀wé kan kó ẹ̀yà ara òkú jọ, ó rán wọn pọ̀ di èèyàn. Ẹni náà lajú, ọ̀mọ̀wé rí i pé kò lẹ́wà, ló bá fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Ẹni náà ń wá ẹni tí yóò bá a sọ̀rọ̀ kiri, òkò ni wọ́n ń sọ lù ú.

"Ta ló rán an?" ni aránṣọ bi í.

"Ọ̀mọ̀wé náà ni."

"Kí ló wá ń sá fún? Bí mo bá rán ṣòkòtò yín tí kò dáa, ṣé ẹ̀yin ni màá lé jáde?"

Olùdarí bú sẹ́rìn-ín. Ìbòjú ẹni náà ló fẹ́ kó bá òun rán: kó ní ìwo méjì àti eyín gígùn, kí àwọn òǹwòran lè pariwo.

Ẹ̀gbọ́n aránṣọ ń gbọ́ wọn láti yàrá ẹ̀yìn. Wẹ́dà tó ń jó irin pọ̀ ni tẹ́lẹ̀. Iná jó o lójú níbi iṣẹ́, etí kan lọ, ẹnu wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, láti ìgbà náà kò bá èèyàn jókòó mọ́. Àbúrò rẹ̀ ti bẹ̀ ẹ́ pé kó máa jáde, títí ẹnu fi bó. Bí olùdarí ṣe lọ tán, ẹ̀gbọ́n yọjú.

"Ẹni tí wọ́n ń sọ lókò yẹn, ṣé ó máa sọ̀rọ̀ nínú eré náà?"

"Dáadáa, Bùọ̀dá. Òun ló tiẹ̀ mọ ọ̀rọ̀ sọ jù."

"Màá fẹ́ gbọ́ ọ. Àmọ́ bí wọ́n bá fi ìwo sí i lórí, mi ò lọ o."

Ayọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa aránṣọ. Ó fàáké kọ́rí níyẹn. Olùdarí bẹ̀ ẹ́, ó halẹ̀ mọ́ ọn, ó lóun á gbé iṣẹ́ fún ẹlòmíì. Obìnrin náà ní kó máa gbé e lọ, kò sẹ́ni tó máa rán ìwo mọ́ ojú èèyàn nínú ṣọ́ọ̀bù òun. Ó fi aṣọ fẹ́lẹ́ rán ojú èèyàn tó lápàá, nígbà tí olùdarí tún dé, ó gbé e wọ̀ ọ́ níwájú dígí. Ọkùnrin náà wo ara rẹ̀ títí. Ó kùn díẹ̀, ó ní kò burú, àmọ́ bí òǹwòran ò bá pariwo, ọrùn aránṣọ ló wà.

Lọ́jọ́ eré, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò dé ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn lọ́sàn-án gangan. Ẹ̀gbọ́n fẹ́ pa dà sílé, àbúrò di ọwọ́ rẹ̀ mú. Aṣọ́nà wo ojú ẹ̀gbọ́n, ó rẹ́rìn-ín.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, sà! Ìbòjú yín dáa gan-an. Ẹ̀yìn làwọn òṣèré ń gbà wọlé."

Aránṣọ ti la ẹnu láti bú aṣọ́nà, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rọra fa ọwọ́ yọ.

"Èmi kọ́ ni òṣèré," ló wí. "Ojú ara mi nìyí. Mo wá gbọ́ ohun tí ẹni yẹn fẹ́ sọ ni."

Ó kọjá lára aṣọ́nà, ó lọ jókòó sí ìlà iwájú.