Ìtọ̀ Bàbá Mi Nínú Ike

Oníbìínú ni mí, mi ò purọ́. Ìgbà tí kíndìnrín Bàbá mi daṣẹ́ sílẹ̀, ìtọ̀ wọn ni mo gbé ìbínú mi kà lórí. Dókítà fún wọn ní fúrósẹ́máìdì, oògùn tó ń mú èèyàn tọ̀, kí omi tó ń wú wọn lẹ́sẹ̀ tó sì ń gun àyà wọn lè rọ́nà jáde. Ó ní kí wọ́n máa tọ̀ sínú ike kan tó ní ìlà lára, kí èmi máa kọ ìwọ̀n rẹ̀ sínú ìwé láràárọ̀. Bí ìtọ̀ bá kọ̀ tí kò wá, ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ ló kù. Bàbá mi sì ti búra pé àwọn ò ní í lọ sórí ẹ̀rọ kankan, pé agboolé tí wọ́n bí àwọn sí ní Ìsàlẹ̀ Èkó yìí náà làwọn máa kú sí.

Níbẹ̀rẹ̀, ìtọ̀ náà ò ju ìka kan lọ. Dókítà fi kún oògùn, pàbó ló já sí. Tí mo bá ti wo inú ike, màá pòṣé. "Bàbá, ṣé ẹ̀ ń lo oògùn yìí ṣá? Ẹ tọ̀ o jàre!" Háà, èmi náà! Bíi pé ṣe ni wọ́n há a mọ́wọ́.

Nígbà tó yá, ìtọ̀ pọ̀ sí i. Ó kọjá ìlà kejì, ó mọ́ gaara. Mo kígbe Àlùhámúdùlílááhì débi pé àwọn ará ilé jáde. Dókítà ní ká má yí oògùn padà. Àmọ́ wíwú ẹsẹ̀ Bàbá ò lọ sílẹ̀. Bàtà ò gbà wọ́n mọ́, orí ìjókòó ni wọ́n sì ń sùn, torí wọn kì í lè mí dáadáa tí wọ́n bá dùbúlẹ̀. Mo ní omi àtijọ́ ni, yóò tán.

Láàárọ̀ Jímọ̀ kan tí mo fẹ́ tètè dé kọ́ọ̀tù tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Igbósẹ̀rẹ̀, mo wọ yàrá wọn ṣáájú àkókò. Bàbá mi jókòó, wọ́n gbé búùtà àlùwàlá lọ́wọ́, wọ́n ń rọra da omi rẹ̀ sínú ike.

"Yéè! Bàbá, kí lẹ̀ ń ṣe yẹn?"

Wọ́n gbé búùtà kalẹ̀. "Ojú lọ̀rọ̀ wà, ọmọ mi. Mo lè fara da àìsàn. Ojú tó o máa ń fi wo inú ike yìí láàárọ̀, òun ni mi ò lè fara dà."

Mo fa ìwé náà sọ́dọ̀. Mo mú bírò. Bí mo bá kọ òótọ́, dókítà á ní kí wọ́n lọ sórí ẹ̀rọ, Bàbá á kọ̀, ọ̀rọ̀ á parí síbẹ̀. Bí mo bá parọ́, omi á mù wọ́n pa lórí ìjókòó. Ní ọ̀nà méjèèjì, mo ti pàdánù Bàbá mi. Ẹkún gbọ̀n mí.

"Kọ tàná síbẹ̀," Bàbá mi wí jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀.

Mo kọ ọ́. Mo sì rẹ́rìn-ín sí wọn.