Ohun Tí Dókítà Kò Sọ

Nọ́ọ̀sì ni Keziah ní ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Libreville, olú-ìlú Gabon. Ìlú náà ni wọ́n bí i sí, ṣùgbọ́n Yorùbá yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Bí ọmọ Nàìjíríà tí kò gbọ́ Faransé bá wọlé, òun ni wọ́n ń pè.

Wọ́n pè é lọ́jọ́ tí wọ́n gbé Alàájì Buraimoh dé. Inú ṣọ́ọ̀bù aṣọ rẹ̀ ní àdúgbò Sibang ló ti ṣubú lulẹ̀. Iṣan ẹ̀jẹ̀ kan ti bẹ́ nínú ọpọlọ rẹ̀. Dókítà Norbert yẹ fọ́tò orí rẹ̀ wò, ó pè é títí kó tó la ojú. Ó wá kọjú sí Sìlífátù, ìyàwó Alàájì.

Ó sọ ní èdè Faransé, kí Keziah lè túmọ̀ rẹ̀, pé, "Ẹ̀jẹ̀ tó dà pọ̀. Ọ̀pọ̀ irú aláìsàn báyìí kì í dìde. Ṣùgbọ́n ó ti yá jù láti sọ. Ẹ jẹ́ ká tọ́jú rẹ̀ ná."

Keziah rántí bàbá tirẹ̀, tí ìrètí òfo fìyà jẹ kó tó kú. Àánú obìnrin náà ṣe é, ó sì sọ fún un ní Yorùbá pé:

"Màmá, ẹ gbé e fún Ọlọ́run. Dókítà ní wọn ò ní dìde mọ́."

Lọ́jọ́ kejì, Sìlífátù ní òun ń gbé ọkọ òun lọ sílé, kó lè kú sáàárín ẹbí. Dókítà bẹ̀ ẹ́ títí. Keziah túmọ̀ ẹ̀bẹ̀ náà, ṣùgbọ́n ojú tì í láti yí ọ̀rọ̀ àná padà.

Alàájì kò kú. Ó ń mu ẹ̀kọ, ó ń jókòó, àmọ́ apá ọ̀tún rẹ̀ rọ jọwọrọ. Nígbà tí Keziah gbọ́, ó wá ilé wọn lọ. Ó wá ń lọ síbẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi láti bá a na apá náà. Sìlífátù a máa ṣàdúrà fún Keziah, àdúrà náà a sì máa gún un bí abẹ́rẹ́.

Lọ́jọ́ kan, kò lè ṣe àmín. Ó kúnlẹ̀.

"Màmá, dókítà kò sọ pé wọn ò ní dìde. Èmi ni mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

Sìlífátù wo apá ọkọ rẹ̀. "Ká ní a fi í sílẹ̀ níbẹ̀, ṣé apá yìí ì bá ṣiṣẹ́?"

"Mi ò mọ̀, Màmá. Kò sẹ́ni tó lè mọ̀ mọ́."

"Dìde. Máa lọ. Má padà wá."

Alàájì gbé ọwọ́ òsì sókè. Ọ̀rọ̀ ṣòro fún un. "Jẹ́... kó... máa bọ̀."

Nígbà tí ọjọ́ Ìsinmi mìíràn pé, Sìlífátù ṣílẹ̀kùn fún Keziah, ó sì kọjá lọ sẹ́yìnkùlé láìkí i.