Oṣù Méje Tí Kọ́kọ́rọ́ Ṣọ́ọ̀bù Ọkọ Mi Fi Wà Lọ́wọ́ Mi

Ó dìgbà ó ṣe o, Bàbá Mọ́ríámọ̀, olówó orí mi. Ilé wa l'Ómù-Àrán dákẹ́ rọ́rọ́, èmi ìyàwó yín ni mo sì jókòó láti kọ ohun tí n kò lè fẹnu sọ níbi ìsìnkú yín.

Ọkùnrin jẹ́jẹ́ tí kì í jẹ́ kí ìrun kọjá òun. Ọ̀gá tí í gé irin bí ẹní gé iṣu. Ẹ̀yin lẹ ni ẹ̀rọ léètì tó wà ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́yìnkùlé wa, èyí tí í yí irin bírí kí ọ̀bẹ máa ha á títí yóò fi dọ́gba. Láti Èsìẹ́ dé Ìjàrà-Ìsin, ẹni tí ṣáàfù, ọ̀pá irin tí í yí nínú ẹ̀rọ tó fi ń lọ ẹ̀gẹ́, bá jẹ, ọ̀dọ̀ yín ló ń gbé e bọ̀.

Ṣùgbọ́n ìdè tó di ọ̀bẹ náà mú ti gbó. Bóòtù rẹ̀ ti jẹ, àjákù páànù lẹ sì máa ń tẹ́ sábẹ́ ọ̀bẹ kó tó lè ga tó irin tó fẹ́ gé. Nígbà tí ojú yín ṣì ń ríran dáadáa, ẹ̀ẹ̀kan lẹ̀ ń tẹ́ ẹ. Nígbà tí ojú wá ń ṣe bàìbàì, tí ọwọ́ ń gbọ̀n, ẹ ó tẹ́ ẹ, ẹ ó tú u, ẹ ó tún un tẹ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọ̀bẹ yẹ̀ nínú ìdè, ó ṣẹ́, èyí tó ṣẹ́ sì ta, ó gé yín láti etí dé ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ìborùn mi ni mo fi di ojú ọgbẹ́ náà. Ọjọ́ yẹn ni mo ti ṣọ́ọ̀bù pa, mo so kọ́kọ́rọ́ mọ́ ìṣẹ́tí ìró mi. Mo ní, "Bàbá Mọ́ríámọ̀, ó tó gẹ́ẹ́. Ẹ jókòó, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ tọ́jú yín."

Ẹ ò bá mi jà. Ẹ kàn ní, "Ó dáa, ìyá wọn."

Oṣù méje lẹ fi jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹ ò fi bẹ́ẹ̀ jẹun mọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé irin dé, ẹ ó ní, "Ẹ bi ìyá wọn." Mọ́ríámọ̀ ti Èkó wá kí yín, ó yà sí kọ̀rọ̀, ó ń sunkún pé ẹ ti rù. Nígbà tí n kò lè wò ó mọ́, mo tú kọ́kọ́rọ́ lé yín lọ́wọ́. Mo ní, "Ẹ kọ́kọ́ ṣe ìdè tuntun ná, kí ẹ tó fọwọ́ kan iṣẹ́ ẹnikẹ́ni."

Ògbólógbòó irin ọkọ̀ akẹ́rù kan lẹ gé. Ọjọ́ mọ́kànlá lẹ fi ṣe é. Ó ní ibi tí ẹ fi ń gbé ọ̀bẹ sókè tàbí kí ẹ rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, kò tún nílò páànù kankan. Bí ẹ bá sì ti yí apá irin rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó ti há pinpin. Ẹ pè mí, ẹ ní, "Ìyá wọn, wá fà á wò." Mo fà á títí, kò mira. Ẹ rẹ́rìn-ín, ó ti pẹ́ tí mo ti rí irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ lẹ́nu yín.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré lẹ fi lò ó. Láàárọ̀ Jímọ̀, ẹ parí ṣáàfù kan fún àwọn obìnrin tó ń lọ ẹ̀gẹ́ l'Áràn-Ọ̀rin, ẹ wẹ̀ láti lọ kírun, ẹ ní ó rẹ̀ yín díẹ̀, ẹ dùbúlẹ̀. Ẹ ò dìde mọ́.

Àwọn ènìyàn ń kí mi pé mo tọ́jú ọkọ. Ọkàn mi ò gbà á. Oṣù méje yẹn, ṣé mo fi dá ẹ̀mí yín sí ni, àbí mo gbà á lọ́wọ́ yín? Àwọn ọmọ ní kí n má ro ìyẹn. Èmi ń rò ó. Ẹ̀yin nìkan lẹ lè dá mi lóhùn, n kò sì bi yín nígbà tí ẹ wà láyé.

Bí mo bá ṣẹ̀ yín, ẹ foríjì mí. Kí Ọlọ́run fi Àlùjánnà onídẹ̀ra kẹ́ yín. Ọkọ mi àtàtà, ẹ sùn re o.