Ẹyẹ Ìwò Tí A Gbà Lọ́wọ́ Ẹni Tí Kò Ni Ín

Bàbá ọmọ Haida kan, ọ̀kan lára àwọn ẹ̀yà tó wà níbí kí òyìnbó tó dé, ń gbé ní basement ilé tó kángun sí tiwa ní àdúgbò Savanna. Agbẹ́gilére ni, ó sì máa ń fín ẹ̀gbà ọwọ́ fàdákà. Ẹyẹ ìwò, àmì ìdílé wọn, ló fẹ́ràn jù. Lọ́jọ́ kan mo ní, "Bàbá, ẹ fín ẹyẹ yìí sí ẹ̀gbà kan fún mi."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ṣé ìyá kan náà ló bí ìyá èmi àtìwọ ni? Màá fín ẹja fún ọ. O jọ ẹni tó ń jẹun dáadáa."

Mo rò pé ó ń ṣàwàdà ni.

Ó kú nígbà òtútù. Kò pẹ́ sígbà yẹn ni ọ̀gá mi ní downtown, ọmọ Yorùbá bíi tèmi, tó ti rí iṣẹ́ ọwọ́ bàbá náà, ní kí ẹ̀rọ gé ẹyẹ náà sára irin, ká gbé e kọ́ sí àbáwọlé ọ́fíìsì. "Ṣebí o mọ ilé wọn? Lọ gba permission wá."

Bàbá kú, ọmọkùnrin rẹ̀ ni mo lọ bá. Níbo ni n bá tún lọ? Ó buwọ́ lùwé. Èmi náà buwọ́ lù ú gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí.

Lọ́jọ́ Túsìdeè, ọmọbìnrin tí àbúrò bàbá náà obìnrin bí wọ ọ́fíìsì wa. Kò jókòó.

"Ta ló fún yín ní ẹyẹ wa?"

"Ọmọ bàbá ni, mà."

"Ọmọ ìdílé ìyá rẹ̀ nìyẹn. Àmì tiwọn yàtọ̀. Lọ́dọ̀ wa, ọmọ arábìnrin ẹni ló ń jogún àmì. Èmi nìyẹn."

Mo sáré tọ ọ̀gá lọ, mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀. Ó gbọ́, ó yé e. Ìyẹn gan-an ló ń bí mi nínú. Lójú kọ̀ǹpútà rẹ̀, ẹyẹ náà ti tóbi ju ilẹ̀kùn lọ, ó ń wò mí.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká dá a dúró."

"Àbúrò, fara balẹ̀ jọ̀ọ́. Ìwé wà lọ́wọ́ wa. Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í gé e láàárọ̀ yìí."

Mo padà sọ fún obìnrin náà. Ó ní kí n fi ìwé han òun, ó ya fọ́tò rẹ̀.

"Ẹlẹ́rìí lọ́dọ̀ wa kì í buwọ́ lùwé kó máa lọ," ó wí. "Òun ló máa ń dúró níwájú gbogbo ìdílé, á ní ohun tóun rí, òótọ́ ni. Bá a bá péjọ, ìwọ ni màá kọ́kọ́ pè."

Ó gbé fóònù rẹ̀ sún mọ́ ojú, ó rọra ka orúkọ mi jáde látinú fọ́tò ìwé náà, ó sì bi mí bóyá bí wọ́n ṣe ń pè é nìyẹn.