Alùpùpù Alápẹ̀rẹ̀ Tí A Gbé Lọ sí Panya

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ nígbà tí mo ti alùpùpù náà jáde ní agbo ilé wa ní Bẹyẹrúnká, nílùú Ìbàdàn. Mo ní mo tì í, n kò ní mo gùn ún, nítorí Bàálé wa ti kìlọ̀ pé bí mo bá jí i ní ìdájí, gbogbo Ọjà'ba ni yóò rò pé ogun ti wọ̀lú. Àwọn ọkùnrin ilé bá mi tì í gba Ọjà'ba kọjá, a tì í gba Bẹẹrẹ, a sì forí lé ibùdó rélùwéè. Kí wọ́n tó kírun àsùbáà tán, òógùn ti bò wá bí ẹni pé a ti oko dé. Ohun tó wúwo tó báyìí lójú ọ̀nà ilé, ta ló sọ pé yóò fúyẹ́ lẹ́yìn odi?

Ìyá mi tẹ̀lé wa dé Bẹẹrẹ, níwájú ìsọ̀ tí mo ti ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe. Kò sunkún. Ó yọ ọ̀já kan lábẹ́ ìborùn rẹ̀, òfì tó ti gbó, èyí tó fi pọn èmi, tó sì fi pọn àbúrò mi Làmídì lẹ́yìn mi.

Ó ní, "Bí òtútù bá ń mú àbúrò rẹ, kí o fi bò ó. Mú un bọ̀ wá fún mi, Àlàó. Bó ti wù kó rí, ṣáà mú un bọ̀."

Mo ní, "Màá mú un bọ̀, Ìyá."

Kí ẹ lè mọ ibi tí mò ń lọ: Panya ni àwọn ènìyàn wa ń pe erékùṣù ńlá kan tó wà láàárín òkun níwájú Kàlàbá, tí àwọn òyìnbó ilẹ̀ Sípéènì ń jọba lé lórí. Òkè ni ọ̀pọ̀ ibẹ̀, koko ni wọ́n sì ń gbìn sára òkè náà. Làmídì lọ síbẹ̀ láti ṣiṣẹ́ kí ó lè padà wá gbéyàwó. Àdéhùn rẹ̀ parí, kò dé. Nígbà tó yá ni Múráínà, ọmọkùnrin Òjé kan tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́, dé bá wa nílé. Ó ní ẹsẹ̀ Làmídì méjèèjì ti wú, kò lè rìn mọ́, orí òkè ló sì wà, ó jìnnà sí èbúté. Gbogbo alágbára tó wà níbẹ̀ ló wà lábẹ́ àdéhùn iṣẹ́, kò sí ẹni tí wọn yóò fún láyè láti gbé e sọ̀ kalẹ̀. Ó ní bí ẹnì kan kò bá tètè lọ gbé e, kí a má retí rẹ̀ mọ́.

Nítorí mo ti tún alùpùpù òyìnbó kan ṣe rí, tí mo sì mọ̀ ọ́n gùn, èmi ni ilé yàn. Oníṣòwò kan kó méjì wá sí ìsàlẹ̀ òkè Màpó láti tà. Ọ̀kan tín-ín-rín, ó kúrú, ènìyàn kan lè fọwọ́ gbé e nílẹ̀. Èkejì tóbi, ó dún bí àrá, wọ́n sì fi irin so àpótí onítìmùtìmù kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ̀, tí ènìyàn lè jókòó nà sí, tó ní táyà tirẹ̀. Apẹ̀rẹ̀ ni a ń pe àpótí náà nílé wa.

Bàálé wa bá wa lọ. Ẹlẹ́ṣin ni nígbà ogun, bí a ti ń ra ẹṣin ní Ìbàdàn ló sì ṣe ra alùpùpù: ó wo àyà rẹ̀, ó wo ìdí rẹ̀, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí ó ké kí òun gbọ́ ohùn rẹ̀. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ èyí tín-ín-rín, ó yọ ṣùtì.

"Àlàó, ibo ni aláìsàn yóò jókòó lórí eléyìí?"

Mo ní, "Ẹ̀yìn mi ni, Bàbá. A ó fi aṣọ dì í mọ́ mi kó má baà ṣubú. Múráínà ní ọ̀nà ibẹ̀ tóóró, ó sì lọ́ kọ́lọkọ̀lọ."

Ojú rẹ̀ yí padà. "Ẹ ó dì í? Ẹrú ogun là ń dì mọ́ ẹṣin wọ̀lú, Àlàó. Èmi fúnra mi dì wọ́n rí. A kì í di ọmọ ilé yìí mọ́ nǹkan. Jíjókòó ni yóò jókòó, bí ọmọ onílé."

Gbogbo ilé ní òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Ìyá mi pàápàá ní òótọ́ ni. Ìfẹ́ ni wọ́n fi sọ ọ́, ohun tó ń dùn mí jù nínú ọ̀ràn náà nìyẹn. A ra alápẹ̀rẹ̀.

Rélùwéè gbé wa dé Èkó láìsí ìjàmbá, ṣùgbọ́n owó màlúù ni wọ́n gbà lórí alùpùpù náà, akọ̀wé ibẹ̀ ní òun kò mọ ibòmíràn tí òun lè kọ ọ́ sí. Ọkọ̀ ojú omi tí mo wọ̀ yà ní Kàlàbá. Gààrí tí à ń rà ní kọ́bọ̀ lọ́jà wa, tọ́rọ́ ni wọ́n ń tà á lórí ọkọ̀, ó sì kan bí ọtí kíkan. Èébì kò jẹ́ kí n jẹ púpọ̀. Iyọ̀ òkun ń fọ́n sára alùpùpù náà lójoojúmọ́, mo ń nù ún, ó tún ń fọ́n.

Òjò ló pàdé wa ní Panya. Ilé pákó ni ilé wọn, wọ́n gbé e sórí òpó bí àká. Ìwọ yóò kọjá lára àgbàlagbà, kò sẹ́ni tí yóò sọ pé o kò kí òun. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú bíbọ̀ àti ẹja oníyọ̀ ni oúnjẹ wọn, ẹja tí à ń rà ní sísì nílé sì di sílè níbẹ̀. Ẹni tó gbà mí sílé ni Alàgbà Ṣítù, ará Ìjẹ̀bú tó ń ta aṣọ ní èbúté. Ó yí alùpùpù náà po, ó mi orí.

"Àlejò, ṣé orí òkè lẹ fẹ́ gbé eléyìí gùn?"

"Orí òkè ni, Bàbá. Àbúrò mi wà ní fínkà kan lókè." Fínkà ni wọ́n ń pe oko ńlá òyìnbó.

Ó ní, "Ọkọ̀ tó gbé yín wá yóò ṣí padà lọ́la ní ìrọ̀lẹ́. Òmíràn kò ní dé bọ̀rọ̀. Ẹ yára. Ọlọ́run á ṣọ́ yín."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí mo dé náà gan-an ni mo gbéra. Ẹ̀yin tí ẹ rò pé ẹ ti rí ọ̀nà burúkú láàárín Ìbàdàn àti Ìjẹ̀bú, ẹ kò tíì rí nǹkan kan. Ọ̀nà yẹn kò gùn tó ìwọ̀n ọ̀pá kan kí ó tó yà. Òkúta dúdú mímú ló wà nílẹ̀, ewé koko tó ti rà bò ó, ó ń yọ̀ bí ilá. Ọ̀tún mi jẹ́ ògiri òkè, òsì mi jẹ́ ọ̀gbun, apá ọ̀gbun náà sì ni apẹ̀rẹ̀ wà. Bí mo bá ti yà sí òsì, apẹ̀rẹ̀ òfìfo náà á gbé ẹsẹ̀ sókè bí ajá tó fẹ́ tọ̀. Mo kó òkúta sínú rẹ̀ kí ó lè wúwo. Nígbà náà ni ẹ́ńjìnnì kò lè fà á gun òkè mọ́. Mo kó àwọn òkúta náà dànù, mo sì tún ń lọ.

Mo dé bàráńkò kan. Bàráńkò ni orúkọ tí wọ́n ń pe kòtò jíjìn tí omi òkè ń gbà sọ̀ kalẹ̀. Pákó díẹ̀ ni wọ́n tẹ́ lé e lórí ṣe afárá. Alùpùpù gba ibẹ̀. Apẹ̀rẹ̀ kò gbà. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, ṣùgbọ́n àwa kò wo ọ̀nà kí a tó ra ohun tí yóò rìn ín.

Mo mú sípánà. Iyọ̀ òkun ti jẹ àwọn bóòtù tó so apẹ̀rẹ̀ mọ́ alùpùpù, wọn kò yí. Mo lù wọ́n, mo bẹ̀ wọ́n, mo bú wọn. Ọwọ́ mi bó. Oòrùn ti fẹ́ wọ̀ nígbà tí èyí tó kẹ́yìn já, mo sì fi apẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ sẹ́bàá ọ̀nà. Kí n tó dé fínkà, alùpùpù ńlá náà ti dá mi lọ́pọ̀ ìgbà. Wọ́n ní bí ẹṣin bá dáni, ńṣe là ń tún un gùn. Ẹṣin a máa fẹsẹ̀ ara rẹ̀ dìde. Èyí kò mọ̀ ọ́n dìde.

Mo bá Làmídì lórí ẹní nínú ilé pákó kan. Ẹsẹ̀ rẹ̀ tóbi, ara ìyókù ti gbẹ. Ó wò mí títí, ó wo alùpùpù lẹ́yìn mi, ó sì rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ó dà bíi pé Bàálé ló yan eléyìí."

Mo ní, "Òun ni. Ìjókòó rẹ wà lójú ọ̀nà."

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́ pẹ̀lú òjò. Mo gbé e sẹ́yìn mi, mo sì ní kí àwọn ará oko bá mi fi ọ̀já ìyá wa dì í mọ́ mi, lẹ́yìn àti láyà. Ó fẹnu sí mi létí.

"Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí Bàálé gbọ́ pé ẹ dì mí."

"Kò ní gbọ́."

"Ọ̀já Ìyá nìyí, àbí? Mo mọ òórùn rẹ̀."

Ní ibi ìyànà àkọ́kọ́ tó burú, alùpùpù náà yọ̀, ó dá wa sínú ẹrẹ̀. Kò ṣe wá léṣe. Ṣùgbọ́n n kò lè gbé e dìde pẹ̀lú ènìyàn lẹ́yìn. Mo tú Làmídì, mo gbé e sábẹ́ igi koko, mo bá irin náà jà, mo tún dì í. Níwájú díẹ̀, ó tún dá wa. Òjò ń rọ̀ lé e lórí ní gbogbo àkókò tí mò ń bá irin jà. Èyí tín-ín-rín tí a fi sílẹ̀ ní ìsàlẹ̀ Màpó, ọwọ́ kan ni ǹ bá fi gbé e. Mo sọkún, mo sì ń bínú sí Bàálé, mo ń bínú sí gbogbo ilé, mo ń bínú sí ogun tí wọ́n jà kí wọ́n tó bí mi.

Ara rẹ̀ gbóná gan-an lẹ́yìn mi. Ó ń bá mi sọ̀rọ̀ ìsọ̀ mi ní Bẹẹrẹ, ó ń bi mí bóyá wọ́n ṣì ń ta ẹ̀kọ gbígbóná níwájú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá Ìyá sọ̀rọ̀. Nígbà tí a dé bàráńkò, apẹ̀rẹ̀ wà níbi tí mo fi í sí, omi òjò ti kún inú rẹ̀.

Mo ní, "Làmídì, ìjókòó rẹ nìyí, wò ó."

Kò dáhùn. Orí rẹ̀ sinmi lé agbedeméjì èjìká mi, ó wúwo. N kò dúró. Mo mọ̀, ṣùgbọ́n bí mo bá dúró, màá ní láti bojú wẹ̀yìn. Mo ń sọ̀rọ̀ fún un títí a fi dé èbúté.

Alàgbà Ṣítù ló tú ọ̀já náà. Ọkọ̀ ṣì wà níbẹ̀. Ó ń fọn fèrè, ó ń pe èrò. Wọ́n ní àwọn kì í gbé òkú. A kírun sí i lára, a sì sin ín sí ilẹ̀ tí kò sí ẹbí rẹ̀ kan, ọkọ̀ sì lọ kí a tó bo ilẹ̀ tán.

Mo ta alùpùpù náà fún oníṣòwò kan tí kì í kúrò ní ìsàlẹ̀, níbi tí ilẹ̀ gbé tẹ́jú. Mo dúró de ọkọ̀ mìíràn, mo bá a dé Èkó. Nínú rélùwéè, ọkùnrin kan gbọ́ ibi tí mo ti ń bọ̀, ó ní òun náà fẹ́ lọ ṣòwò níbẹ̀, irú alùpùpù wo ni kí òun rà? Mo sọ fún un, mo sì ń sọ fún ẹ̀yin náà: ẹ ra èyí tó kúrú tí ẹsẹ̀ yín lè kanlẹ̀. Ẹ ra èyí tó tín-ín-rín. Ẹ má wo àyà rẹ̀, ẹ má gbọ́ ohùn rẹ̀. Ẹ dà á sílẹ̀ níwájú ẹni tó ń tà á, kí ẹ gbé ọmọ ènìyàn pọ̀n, kí ẹ sì wò ó bóyá ẹ lè gbé e dìde. Ọkùnrin náà rò pé àwàdà ni mò ń ṣe.

Àjò ò dùn kónílé má relé, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi kò fẹ́ gba Bẹẹrẹ kọjá lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Bàálé wà ní ẹnu ọ̀nà. Ó wo ẹ̀yìn mi, kò rí ẹnikẹ́ni.

Ó ní, "Ṣé ó jókòó, Àlàó? Ṣé ẹ kò dì í?"

Mo ní, "Mo dì í, Bàbá. Ẹ̀yìn mi ló kú sí."

Ó ṣí fìlà, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbi tó dúró sí. Ìyá mi ti jáde. Mo na ọ̀já náà sí i, kò gbà á.

Ó ní, "Ẹ̀yìn rẹ?"

"Ẹ̀yìn mi ni, Ìyá."

Ó ní kí n yí padà. Mo yí padà, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó fọwọ́ wá ibi tí orí ọmọ rẹ̀ sinmi lé, ó gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé e, ó sì ń fi ọwọ́ kan lù mí lẹ́yìn pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́, bí a ti ń rẹ ọmọ tí kò fẹ́ sùn.