Àlejò Inú Ewé Ẹ̀gẹ́

"Akọ̀ròyìn, wá wo ohun tí ajílẹ̀ rẹ ṣe!"

Bí Ìyá Adéọlá ṣe pàdé mi lóko rẹ̀ ní Afo nìyẹn, lọ́dún tí ológun gbé ìjọba fún alágbádá. Ṣáájú ìgbà náà, mo ti kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn wa pé ebi ló ń pa ẹ̀gẹ́ tí ewé rẹ̀ ní àbàwọ́n ìyeyè. Kí àgbẹ̀ fi ajílẹ̀ sí i. Mi ò bi onímọ̀ kankan léèrè. Ìyá gbà mí gbọ́. Igi ga lóòótọ́, ṣùgbọ́n iṣu abẹ́ rẹ̀ kò ju ìka lọ.

Adéọlá, ọmọ rẹ̀, ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ sílé ọkọ ní Idasen. Lọ́dọ̀ wọn, oko ìyá ni ọmọ tó bá relé ọkọ ti ń gba igi ẹ̀gẹ́ tí yóò kọ́kọ́ gbìn. Ìyá kì í tà á fún un. Ìdì mẹ́ta ti wà nílẹ̀ fún Adéọlá.

Mo sáré lọ mú Ọ̀gbẹ́ni Jídé, ará Àkókó tó ń ṣiṣẹ́ agíríkì l'Ọ́wọ̀, wá. Ó rẹ ewé kan sínú sípíríìtì gbígbóná títí ó fi funfun, ó wá ro áyódìn, oògùn egbò, sí i. Ibi tó tutù yọ̀yọ̀ tẹ́lẹ̀ dúdú bí aró. Ibi ìyeyè kò dúdú.

"Ibi tó dúdú ni oúnjẹ wà, Mà."

"Ta ló jẹ ti ìyókù?"

"Fáírọ́ọ̀sì ni, kòkòrò àrùn tí ojú lásán kò lè rí. Kò ní ilé ìdáná tirẹ̀. Yàrá kéékèèké inú ewé, tí à ń pè ní sẹ́ẹ̀lì, ló ń wọ̀. Bó bá ti wọlé, onílé á pa iṣẹ́ rẹ̀ tì, á máa fi ohun ìní rẹ̀ ṣe ọmọ fáírọ́ọ̀sì. Oúnjẹ wo ni yóò wá sọ̀ kalẹ̀ di iṣu?"

"Àlejò tó gba orógùn lọ́wọ́ ìyálé ilé!"

"Ajílẹ̀ kò lè lé e, Mà. Inú igi ló ń gbé. Ẹni tó bá gbin igi náà ti gbin fáírọ́ọ̀sì mọ́ ọn."

Ìyá wo ìdì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. "Ṣé ohun tí mo fẹ́ kó fún ọmọ mi nìyí?" Ó yíjú sí mi. "Akọ̀ròyìn, ìwọ lo bọ́ wọn. Ìwọ ni kó o sun wọ́n."

Mo sun wọ́n. A wá rìn káàkiri oko títí a fi rí igi díẹ̀ tí ewé wọn mọ́. Mo fi alùpùpù gbé ìdì tín-ín-rín kan lọ sí Idasen.

"Èyí nìkan?" ni Adéọlá wí. "Ṣé inú ń bí Ìyá sí mi ni?"

"Èmi ni inú ń bí wọn sí," ni mo fèsì, mo sì ròyìn gbogbo rẹ̀.

Mo kọ àtúnṣe sínú ìwé ìròyìn. Ó gùn ju àṣìṣe náà lọ. Láti ìgbà náà, mi ò jẹ́ kọ ìmọ̀ràn tí mi ò béèrè ìdí rẹ̀.

Lọ́dún kejì, Adéọlá gé igi ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀, ó fi ewé sílẹ̀ lórí wọn. Èmi náà ni mo gbé wọn lọ sí Afo. Ìyá yẹ ewé wọ̀nyẹn wò lọ́kọ̀ọ̀kan, tojú tẹ̀yìn. Lẹ́yìn náà ló tó kí mi káàbọ̀.